Agogo Ọ̀sán ní Seville

Inú yàrá yìnyín ni ojú wọn ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, láàárín èrò tó ń wá ibi tí wọn yóò fi ẹ̀mí ara wọn pamọ́ sí.

Fèrè ìkìlọ̀ ìjì ń han gooro káàkiri Richardson lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ojú ọ̀run ṣú, ó sì tún ní àwọ̀ ewé nínú, irú èyí tí àwọn ará Texas máa ń rí tí wọ́n á dákẹ́ wẹ́lo. Oní-ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà pariwo pé kí gbogbo èèyàn wọ inú yàrá tí òun ń kó ẹja dídì sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kò ní fèrèsé. Wọ́n rọ́ wọlé gìrìgìrì: ìyá tó pọn ọmọ, àwọn ará Ghana méjì tí iṣu ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ọkùnrin ará Mexico kan tó wá já ẹrù. Mosúnmọ́lá ló wọlé gbẹ̀yìn. Aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù gbá a mú látọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbójú sókè láàárín èjìká àwọn èèyàn, ó sì rí ojú méjì tó ń wò ó láti ẹ̀yìn páálí ẹja Titus.

Wọn ò rẹ́rìn-ín síra wọn. Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí òrùlé ń mì? Ṣùgbọ́n ojú yẹn ò kúrò lára rẹ̀, tirẹ̀ náà ò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí iná kú, tí òkùnkùn bo gbogbo yàrá, tí ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Jésù, ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Ẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé kí n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì mi?"

"Ẹ̀yin náà ń gbọ̀n. Mo ń gbọ́ eyín yín."

"Tèmi kì í ṣe òtútù. Ẹ̀rù ni. Jákẹ́ẹ̀tì ò sì ran ẹ̀rù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mosún kó tó mọ̀. Nígbà tí ìjì náà kọjá, tí wọ́n jáde tí wọ́n rí i pé ẹ̀ka igi ló kàn wó sórí mọ́tò àwọn èèyàn, ó ti mọ̀ pé Súnkànmí ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, pé iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan nítòsí ló ń bá ṣiṣẹ́, pé Lewisville ló ń gbé. Gbogbo nǹkan ló mọ̀ tán, àfi ẹni tó bí i.

Odindi ìgbà ooru ni wọ́n fi ń fẹ́ra wọn kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Létí adágún ńlá Lewisville ni wọ́n jókòó sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, ni Mosún bá béèrè, bí ẹni tó ń ṣeré, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ.

"Ti Dádì mi ni. Àwọn ni pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ Gbéminíyì."

Àgbàdo náà di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu Mosún.

Ta ni kò mọ orúkọ yẹn ní ilé wọn ní Cedar Hill? Bàbá rẹ̀, Alàgbà Reuben, ló lọ pàdé Gbéminíyì ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Òun ló fún un ní yàrá, tó ra ẹ̀wù òtútù fún un, tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Àwọn méjèèjì ló jọ dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Alàgbà ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò rí akọrin, kò rí dùùrù, kò rí àga. Gbéminíyì ti kó ìdajì ìjọ lọ sí Lewisville. Ìdúró ni àwọn tó ṣẹ́ kù wà tí wọ́n fi gbọ́ ìwàásù. Ní yunifásítì ní Houston ni Mosún wà nígbà náà, ó sì gbọ́ ẹkún bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ìgbà kejì nìyẹn láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni àkọ́kọ́.

Ọ̀dọ̀ Aunty Miriam, àbúrò bàbá rẹ̀, ló sá lọ.

"Nínú gbogbo ọkùnrin tó kún Dallas yìí!" Aunty Miriam ju ṣíbí sílẹ̀. "Mosún! Ìgbò wà ńbẹ̀, ará Ghana wà ńbẹ̀, òyìnbó wà ńbẹ̀. Ọmọ Gbéminíyì lo wá rí?"

"Aunty, inú yàrá yìnyín la ti pàdé. Ṣé kí n kọ́kọ́ béèrè orúkọ bàbá ẹ̀ ni, kí n tó gba jákẹ́ẹ̀tì?"

"O gba jákẹ́ẹ̀tì! Ó ti tán."

Síbẹ̀ Aunty Miriam bá a sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, ó nu ọwọ́. "Miriam, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ tún wọ inú ilé yìí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọmọ ẹni yẹn lo fẹ́ fẹ́, kó o ṣe sùúrù kí n kọ́kọ́ kú." Ní Lewisville náà, Pásítọ̀ Gbéminíyì ti búra tipẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ò tún ní tẹ ẹnu ọ̀nà Reuben mọ́ láyé yìí.

Súnkànmí ló mú àbá ìgbéyàwó kóòtù wá. "Tá a bá ti fọwọ́ sí i, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n á bínú, ó sì máa rọlẹ̀." Mosún gbà, nítorí pé ìfẹ́ ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, adájọ́ rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì pe tọkọtaya tó kàn. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà lé wọn lórí. Inú mọ́tò ni wọ́n ti jẹ adìẹ díndín, Mosún sì bọ́ òrùka rẹ̀, ó jù ú sínú ìgò egbòogi tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣé bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe nìyí? Ó bi ara rẹ̀ léèrè.

"Jẹ́ ká lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ wá," ni Súnkànmí wí. "Kì í ṣe London o, ará ṣọ́ọ̀ṣì kún ibẹ̀. Dubai náà, bákan náà. Seville ni, ní Spain."

Mosún sọ fún bàbá rẹ̀ pé Houston lòun ń lọ, pé ibi iṣẹ́ ló rán òun lọ kọ́ nǹkan. Irọ́ náà jáde geerege. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á.

Seville dára. Kí n má purọ́ fún yín, ìlú náà dára débi pé ó ń dun èèyàn. Igi ọsàn tò sí ẹ̀bá òpópónà, èso pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ká a. Súnkànmí ká ọ̀kan, ó bù ú jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọ tó lá jogbo. Òpópónà mìíràn há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tọkọtaya ò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfara kanra, ìyẹn sì tẹ́ Súnkànmí lọ́rùn púpọ̀. Wọ́n wo ààfin tí àwọn ọba Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọba Kristẹni wá ń gbé, ògiri rẹ̀ dà bíi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ya ọnà sí i. Wọ́n wo kátídírà tó tóbi tí ọrùn fi ń ro èèyàn, àti ilé ìṣọ́ gíga tó dúró tì í, tí agogo ńláńlá so sí lókè.

Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí Mosún bá wọ̀, ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde ló kọ́kọ́ ń wò. Bó bá rí aláwọ̀ dúdú lọ́ọ̀ọ́kán, àyà rẹ̀ á já. Nínú ààfin náà, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ rọra, ẹ wo àtẹ̀gùn o." Yorùbá! Ó fa Súnkànmí wọ ẹ̀yìn òpó, wọ́n sì dúró síbẹ̀ bí olè títí tí obìnrin náà àti ìyá rẹ̀ arúgbó fi kọjá.

"Mosún, a ò mọ̀ wọ́n rí."

"Ṣé o mọ gbogbo ẹni tó mọ Dádì mi ni?"

Èyí tó wá le jù ni àdúrà ìdílé. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ máa ń kó gbogbo wọn jọ sórí fóònù ní aago márùn-ún ìdájí. Bàbá á dá orin, Aunty Miriam á ka Bíbélì, Bọ̀ọ̀dá Tọ́láṣe, ìbátan wọn ní Ìbàdàn, á gbàdúrà, Mosún á sì ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á jẹ, ìbáà wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn àmín, bàbá á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, Mosún mi." Bí aago márùn-ún ìdájí bá sì lù ní Cedar Hill, ọ̀sán gangan ni ní Seville.

Lọ́jọ́ kìíní, inú kọ́bọ́ọ̀dù hòtẹ́ẹ̀lì ló wọ̀, ó ń fi ohùn oorun ṣe àmín nígbà tí oòrùn ń ta yànyàn níta. Súnkànmí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí di ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kejì, ọgbà ààfin ni wọ́n wà. Ó sá wọ àárín igbó òdòdó. Ó ti dé "ìfẹ́ Ọlọ́run" nígbà tí ọ̀kín kan jáde sí i, ó sì ké.

"Kí nìyẹn?" ni bàbá wí.

"Tẹlifíṣọ̀n hòtẹ́ẹ̀lì ni, sà."

"Pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tá a bá ń gbàdúrà."

"Ẹ má bínú, sà."

Lọ́jọ́ yẹn Súnkànmí ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìjà ni wọ́n ń jà. Wọ́n ti gun ilé ìṣọ́ náà dé òkè, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ láìbára wọn sọ̀rọ̀. Ní abẹ́ òjìji rẹ̀ ni Súnkànmí ti dúró.

"Títí ìgbà wo la máa fi sá pamọ́? Ṣé ojú mi ló ń tì ọ́ ni?"

"Ìwọ ńkọ́? O ti sọ fún Pásítọ̀?"

Súnkànmí wo bàtà rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Mosún wí. "O lè bá mi sọdá òkun, o ò lè bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mosún. Bí wọ́n bá ní kí n yàn ńkọ́?"

Fóònù dún. Àkókò ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí igbó òdòdó. Mosún kọ ojú sí ògiri, ó di etí kan. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, Bọ̀ọ̀dá Tọ́láṣe gbàdúrà bí ẹni tí ebi ń pa, ó sì kan Mosún.

"Oore-ọ̀fẹ́ Jésù Kristi Olúwa wa, ìfẹ́ Ọlọ́run…"

Agogo lù. Kì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo agogo ilé ìṣọ́ náà ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé òkè ọ̀run ló ń já lulẹ̀. Ẹyẹlé fò sókè fàà. Mosún ń wá ibi tí yóò tẹ̀ kí ohùn fóònù lè pa, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo náà ò sì yára dákẹ́. Nígbà tó dákẹ́, ó gbé fóònù padà sétí.

"Mosún," ni Bọ̀ọ̀dá Tọ́láṣe wí láti Ìbàdàn, "ṣé ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ yín ni?"

"Tọ́láṣe, dákẹ́." Ohùn bàbá rẹ̀ wálẹ̀. "Agogo ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lù báyẹn ní Houston ní ìdájí? Mosúnmọ́lá, níbo lo wà?"

Irọ́ mẹ́ta ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo Súnkànmí. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Seville ni mo wà, sà. Ní Spain."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú ọkọ mi, sà. A ti lọ sí kóòtù."

Ó gbọ́ tí Aunty Miriam kígbe, "Yéè!" Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ bá oore-ọ̀fẹ́ náà lọ láti ibi tó ti já, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí dé àmín. Mosún dúró de ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e. Kò gbọ́ ọ. Fóònù ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó pè, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ò pe àdúrà. Ìyẹn bà á lẹ́rù ju bí ì bá ṣe bú u lọ. Wọ́n wo odò ńlá ìlú náà, wọ́n wo gbàgede aláwọ̀ mèremère tí gbogbo ayé ń yàwòrán níbẹ̀, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Etí odò yẹn ni Súnkànmí dúró sí tó fi pe Lewisville, tó sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Mosún gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń bú ramúramù. Súnkànmí ò pa fóònù. "Ẹ má bínú, sà," ló ń wí, ó tún wí i, omi ń dà lójú rẹ̀. Bó ṣe ń ṣojo tó yẹn, tí kò sì sá, Mosún fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti pápákọ̀ òfuurufú, Cedar Hill ni wọ́n gbà lọ tààrà. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Súnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní ìnusẹ̀.

"Mosúnmọ́lá, wọlé, oúnjẹ wà níbẹ̀," ni bàbá wí. "Ọ̀gbẹ́ni, dìde. Ilẹ̀kùn ò ṣeé tì."

Nínú pálọ̀, Aunty Miriam wà lórí àga, ojú rẹ̀ ti wú. Bàbá ò jókòó.

"O ní ta ni ọkọ ẹ?"

"Súnkànmí ni, sà. A ní ìwé."

"Mọ́tò mi náà ní ìwé. Ìjọba ló lu òǹtẹ̀ sí i. Ta ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi? Ìyá ẹ ò sí. Èmi nìkan ló kù tí wọn ì bá kọ lẹ́tà sí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí mi, Mosún. Wọ́n mú ọ bí ẹni mú àga."

Mosún kúnlẹ̀. Kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò pé ìwé Amẹ́ríkà lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu bàbá ń ṣe.

"Kí bàbá ẹ̀ kọ lẹ́tà ìtọrọ," ni bàbá wí, "kó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e wá. Kì í ṣe alárinà, kì í ṣe e-mail. Bí kò bá wá, ẹ máa gbé ìwé kóòtù yín lọ. Mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ pé o ò ní bàbá mọ́."

Báyìí ni Aunty Miriam ṣe di awakọ̀ láàárín ìlú méjì. Pásítọ̀ Gbéminíyì ní òun ti kọ lẹ́tà, kí Reuben wá mú un. Alàgbà Reuben ní ṣé Gbéminíyì ò lẹ́sẹ̀ ni. "Ẹ̀yin àgbàlagbà méjì yìí," ni Aunty Miriam wí, ó ń ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì, "ọ̀nà freeway ti mọ̀ mí lójú. Kí ẹ kúkú ní kí n fẹ́ ọmọ náà."

Súnkànmí ní kí Mosún máa bọ̀ ní apartment òun, ó kúkú ti di ìyàwó òun. Mosún kọ̀. "Mi ò ní jáde níbí bí olè lẹ́ẹ̀kejì." Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú yàrá rẹ̀ òun nìkan, ẹ̀rù á dé. Bó bá rẹ Súnkànmí ńkọ́? Bí òun bá pàdánù méjèèjì ńkọ́? Àdúrà ìdájí ti padà bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò fún un ní oore-ọ̀fẹ́ ṣe mọ́. Aunty Miriam ló ń ṣe é.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mọ́tò dúdú kan yà wọ ojúde wọn, ó dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì kú. Mosún yọjú láàárín aṣọ fèrèsé.

"Ta ni?" Bàbá ò kúrò lórí àga.

"Pásítọ̀ ni, sà. Àwọn nìkan ni."

"Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀, sà."

"Hùn." Ó ṣí ìwé ìròyìn. Ó pa á dé. "Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí ló ń ṣe nínú mọ́tò? Ṣé ó fẹ́ kí n wá gbé e pọ̀n ni?"

Mosún tún yọjú. Ó ń rí ọwọ́ ọkùnrin náà lórí sítíárì mọ́tò, ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ rì. Lẹ́yìn náà, iná ẹ̀yìn mọ́tò tàn. Ó ń fà sẹ́yìn. Ó ń lọ.

"Dádì! Wọ́n ń lọ o! Dádì, ẹ jọ̀ọ́!"

Àga kígbe. Kó tó yíjú padà, bàbá rẹ̀ ti kọjá lára rẹ̀, láìdé fìlà, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó sá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Gbéminíyì!"

Mọ́tò náà dúró, ìdajì lójúde, ìdajì ní títì.

"O lọ nígbà kan, o ò sọ fún mi," ni Alàgbà Reuben wí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tó o bá tún lọ báyìí, Gbéminíyì, mi ò ní lè gbé e."

Ẹ́ńjìnnì kú. Pásítọ̀ Gbéminíyì sọ̀ kalẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun ju bí Mosún ṣe rò lọ, agbádá rẹ̀ ti run.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bí mo ṣe máa kan ilẹ̀kùn yẹn."

"O ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rí."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Pásítọ̀ tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀ lórí kọnkéré gbígbóná náà. Kò tètè dìde. Nígbà tó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì fa lẹ́tà kan yọ, wọ́n ká a, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dè é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án síwájú.

Alàgbà Reuben wò ó. Lẹ́yìn náà, ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbà á.